Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Rédíò, Éríà àti Àwọn Ohun Èlò Wọn Lórí Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Àtijọ́

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá sọ́dọ̀ mi látọ̀dọ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ayé ọjọ́un. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ń fa awuyewuye. Ibikíbi tí mo bá ti sọ pé "éríà", ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní àńtẹ́nà ni.

Kí ni à ń pè ní ojúlówó nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ọ̀nà mẹ́ta ni rédíò ń gbà wọnú ọkọ̀ nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lè ti fi sí i. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè fi sí i kó tó fa kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà sì lè lọ ra rédíò fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Lójú tèmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá ìgbà rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ nìkan ni ìwé ilé-iṣẹ́ lè jẹ́rìí sí. Ọ̀pọ̀ rédíò inú Jaguar, MG àti Porsche ló jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó ta ọkọ̀ ni wọ́n ti wọlé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé éríà yín kò sí níbi tó yẹ kó wà, ẹ bi í pé ìwé wo ló sọ ibi tó yẹ.

Orúkọ rédíò wo ni mo lè máa retí láti bá nínú ọkọ̀ mi?

Bí ọkọ̀ bá ti Jámánì wá, Blaupunkt tàbí Becker ni ẹ ó sábà bá. Blaupunkt ló ṣe rédíò ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Yúróòpù, Autosuper AS 5, ní 1932. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi orúkọ ìlú pe rédíò wọn: Frankfurt, Bremen, Köln. Becker ti ìlú Pforzheim fẹ́ràn orúkọ tó ń rán ènìyàn létí ìrìn-àjò àti ìdíje: Mexico, Grand Prix, Le Mans, Monte Carlo, Europa. Mexico ti 1953 lè wá ibùdó fúnra rẹ̀, kódà lórí FM, èyí tó jẹ́ ohun ìyanu nígbà náà.

Nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Radiomobile ló wọ́pọ̀ jù. Nínú Corvette ti Amẹ́ríkà, Delco ni. Ẹ̀yà Wonder Bar rẹ̀ ní ọ̀pá gbọọrọ kan tí a ń tẹ̀ kí rédíò lè wá ibùdó tó ń dún ketekete.

Kí ló dé tí ọ̀pá éríà fi sábà máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀?

FM ló fà á. Ní 100 MHz, ìgbì rédíò kan gùn tó mítà mẹ́ta. Ọ̀pá tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ntímítà 75, ló ń gba ìgbì náà dáadáa jù. Bí ẹ bá fà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, FM kò ní dára sí i.

Ti AM yàtọ̀. Ní 1000 kHz, ìgbì kan gùn tó 300 mítà, kò sì sí ọkọ̀ tó lè ru ìdá mẹ́rin ìyẹn. Fún AM, bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ló ṣe dára tó. Ẹ fà á jáde tán bí ẹ bá ń gbọ́ AM lójú ọ̀nà gígùn.

Ibo gan-an ló yẹ kí éríà dúró lé lára ọkọ̀ mi?

Ẹ wo fọ́tò ìgbà náà, kì í ṣe fọ́tò ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe lọ́dún tó kọjá. Lórí Porsche 356 àti 911 àkọ́kọ́, fẹ́ńdà iwájú ló wọ́pọ̀. Ní ti àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kálukú ló ń fi sí ibi tó wù ú.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni igun tó fi dúró. Ìdí éríà àtijọ́ ní rọ́bà tí wọ́n gé láti bá ìdagẹ̀rẹ̀ fẹ́ńdà mu, kí ọ̀pá lè rọra fì sẹ́yìn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Bí éríà bá dúró gbọnrangandan lórí fẹ́ńdà tó dagẹ̀rẹ̀, rọ́bà ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi sí i.

Ọkọ̀ mi kò ní rédíò rí. Ṣé kí n lu ihò sí fẹ́ńdà?

Rárá o. Mo bẹ̀ yín. Fẹ́ńdà tí ẹnikẹ́ni kò lu ihò sí láti ọgọ́ta ọdún ti di ẹ̀rí ìtàn ọkọ̀ náà, ihò kan ṣoṣo sì ti pa ẹ̀rí yẹn rẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dí i padà, ojú tó mọṣẹ́ á rí i láti abẹ́.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbọ́ rédíò, éríà wà tí a ń lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì iwájú, òmíràn wà tí a lè fi pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọn kò gbọ́ dáadáa tó ọ̀pá ìta, pàápàá lórí AM, ṣùgbọ́n ẹ lè yọ wọ́n kúrò lọ́la láìsí àpá. Ẹ tọ́jú ike tàbí irin tó bo ojú ihò rédíò lórí dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jù ú nù, wọ́n sì ń wá a kiri báyìí.

Ara ọkọ̀ mi jẹ́ fáíbà. Ṣé ìyẹn yí nǹkan padà?

Ó yí i padà gan-an ni. Irin ara ọkọ̀ jẹ́ ìdajì éríà: òun ni ilẹ̀ tí ọ̀pá ń tì sí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì irin tún máa ń dí ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ fáíbà kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ wo bí àwọn tó ṣe Corvette ṣe yanjú rẹ̀. Láti 1953 sí 1955, wọ́n tẹ́ àwọ̀n irin sínú ìdérí bóòtù, àwọ̀n náà sì ni éríà. Fáíbà kò dí ìgbì lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ọ̀pá kankan níta. Nígbà tí ọ̀pá dé ní 1956, wọ́n fi wáyà pẹlẹbẹ so ìdí rẹ̀ mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n tún fi irin tó ń dán bo dísíríbútọ̀ àti wáyà plọ́ọ̀gì. Àwọn kan rò pé ọ̀ṣọ́ ni irin yìí, wọ́n sì ń yọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sé ariwo iná mọ́. Corvette tí wọ́n rà láìsí rédíò kì í ní in, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kó rí: bí ẹ bá rí ìbòrí láìsí rédíò, tàbí rédíò láìsí ìbòrí, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ fáíbà mìíràn, bíi Lotus Elan, ẹ fi wáyà tó nípọn tó sì kúrú so ìdí éríà mọ́ irin tó tóbi jù lọ nítòsí. Bí ẹ kò bá ṣe é, kò sí rédíò tó máa dára nínú ọkọ̀ náà.

Éríà oníná mi ń kùn, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò gòkè. Ṣé kí n ra òmíràn?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí mọ́tò inú rẹ̀ bá ṣì ń kùn, okùn náílọ́ọ̀nù eléyín tó ń ti ọ̀pá sókè ló sábà máa ń já. Ìdọ̀tí ló ń pa á: ọ̀pá á há, mọ́tò á máa tì í tipátipá, eyín okùn á sì já.

Fún ọ̀pọ̀ éríà tí Hirschmann àti Bosch ṣe, a lè ra ọ̀pá àti okùn nìkan. Ẹ tú nọ́ọ̀tì òkè, ẹ tan rédíò kí mọ́tò lè ti èyí tó ti bàjẹ́ jáde, ẹ ki okùn tuntun wọlé kí eyín rẹ̀ kọjú sí jíà, kí ẹ wá pa rédíò. Mọ́tò á fa okùn náà wọlé fúnra rẹ̀. Ó dára kí ẹni méjì jọ ṣe é.

Ẹ máa fi aṣọ tó ní òróró fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ nu ọ̀pá lóṣooṣù, kí ẹ sì tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má fi gírísì sí i, eruku ló ń kó. Ẹ tún wo ọ̀pá rọ́bà kékeré tó wà nísàlẹ̀ éríà. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde. Bí ó bá dí, omi á kún inú mọ́tò títí yóò fi dípẹtà.

Mo ra éríà tuntun, AM sì wá di nǹkan tí etí kò gbọ́ mọ́. Kí ló dé?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wáyà éríà ń wọ̀ lára ọ̀pọ̀ rédíò àtijọ́, súkúrù kékeré kan wà, nígbà mìíràn ó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì. Súkúrù yìí ló ń mú rédíò bá éríà mu. Ẹ fa ọ̀pá jáde tán, ẹ wá ibùdó AM tí kò lágbára nítòsí 1400 kHz, kí ẹ sì rọra yí súkúrù náà títí ohùn yóò fi lágbára jù. Ìṣẹ́jú méjì ni, síbẹ̀ òun ni iṣẹ́ tí mo rí tí wọ́n ń fò jù lọ.

Bí ìyẹn kò bá tó, wáyà ni kí ẹ fura sí. Wáyà éríà ọkọ̀ kì í ṣe wáyà tẹlifíṣọ̀n. Wáyà àárín rẹ̀ tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ ló sì yí i ká jù, kí agbára AM tó kéré yẹn má baà ṣòfò lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá fi wáyà tẹlifíṣọ̀n rọ́pò rẹ̀, tàbí tí wọ́n so àlékún wáyà mọ́ ọn, FM lè máa dún, AM á kú.

Ẹ fi mọ́lítímítà yẹ̀ ẹ́ wò. Láti orí ọ̀pá dé àárín plọ́ọ̀gì éríà, óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́, yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Láti ọ̀pá dé ara ọkọ̀, kò yẹ kí iná kọjá rárá. Láti ara plọ́ọ̀gì dé ara ọkọ̀, kó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bí ti ìkẹta bá kùnà, ọ̀dà tàbí ìpẹtà ló wà lábẹ́ fẹ́ńdà níbi tí ìdí éríà ti yẹ kó kan irin. Ẹ há a kúrò. Àwọn wáyà gígùn kan wà tí wọ́n fi kọndẹ́nsà, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, sí àárín wọn, ìwọ̀nyí kò ní fi òdo hàn nínú ìdánwò àkọ́kọ́, wọn kò sì bàjẹ́.

Ariwo ń bo orin mọ́lẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó ti ń wá?

Etí ni ẹ ó kọ́kọ́ lò. Bí ó bá ń dún ta-ta-ta, tó sì ń yára bí ẹ ṣe ń tẹ iná, plọ́ọ̀gì àti kóìlì ni. Bí ó bá ń ké fínfín, tí ohùn rẹ̀ ń ga sí i, dáínámò ni. Bí ó bá ń ha gáragàra láìlétò, rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso iná dáínámò, ni. Bí ẹ bá wá pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà gbígbẹ tí ọkọ̀ ṣì ń yí lọ, tí ariwo kò sì dákẹ́, táyà iwájú ló ń kó iná jọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi sípíríìnì kékeré sínú ìdérí bíárìnnì táyà iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ bíárìnnì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá sípíríìnì yẹn padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà éríà kúrò lẹ́yìn rédíò. Bí ariwo bá dákẹ́, ojú éríà ló ń gbà wọlé, ẹ lọ wo ilẹ̀ éríà, wáyà plọ́ọ̀gì àti wáyà pẹlẹbẹ tó so bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọkọ̀. Bí kò bá dákẹ́, wáyà iná rédíò ló ń gbà wọlé, kọndẹ́nsà ló ń fẹ́.

Kọndẹ́nsà kóìlì gbọ́dọ̀ wà ní orí tí iná bátìrì ń gbà wọ kóìlì. Bí ẹ bá fi sí orí kejì, èyí tó lọ sí dísíríbútọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní jó iná dáadáa mọ́. Ti dáínámò, orí ńlá tí iná ń gbà jáde ni. Ẹ má fi sí orí tí wọ́n kọ DF tàbí F sí láéláé, rẹ́gúlétọ̀ ni ẹ ó fi bàjẹ́.

Bátìrì ọkọ̀ mi jẹ́ fólítì 6, tàbí orí pọ́sítíìfù ló kan ara ọkọ̀. Ṣé rédíò kankan lè bá a mu?

Ẹ mọ ohun tí ẹ ní kí ẹ tó ra rédíò. Porsche 356 jẹ́ fólítì 6 títí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1965, ṣùgbọ́n 911 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fólítì 12. MGB lo pọ́sítíìfù mọ́ ara ọkọ̀ títí di 1967. Jaguar E-Type 3.8 náà lo pọ́sítíìfù, nígbà tí 4.2 tó dé ní 1964 yí i padà sí nẹ́gétíìfù.

Ọ̀pọ̀ rédíò ìgbà náà ní plọ́ọ̀gì tàbí súwíìṣì kékeré lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń yan fólítì tàbí ẹ̀gbẹ́ tó kan ara ọkọ̀. Ẹ fi ojú ara yín wò ó, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á. Rédíò oníṣẹ́ tiransísítọ̀ tí wọ́n so ní òdì lè jóná ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá sì ti yí ọkọ̀ padà láti fólítì 6 sí 12, ẹ má gbàgbé gílóòbù kékeré tó ń tan ojú rédíò.

Rédíò onífáàfù kan ti wà nílẹ̀ fún ogójì ọdún. Ṣé kí n kan so bátìrì mọ́ ọn kí n wò ó?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fáàfù, ìyẹn gíláàsì oníná tí wọ́n ń lò kí tiransísítọ̀ tó dé, sábà nílò fólítì tó lé ní 150, bátìrì sì jẹ́ 6 tàbí 12. Nítorí náà, ohun kan tí à ń pè ní fáíbírétọ̀ ń gé iná bátìrì sí wẹ́wẹ́ kí tiransífọ́mà lè gbé e ga. Ìkùn rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹnu irin rẹ̀ lè ti lẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fún un ní iná báyìí, iná á máa ya lu tiransífọ́mà láìgé, tiransífọ́mà á sì jó.

Kọndẹ́nsà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ gíga tiransífọ́mà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kódà bí ó bá dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le. Àwọn kọndẹ́nsà oníwèé ló tẹ̀ lé e. Fíùsì tó tọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ má fi wáyà dípò rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ iná, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n: iná inú rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Chrysler ló kọ́kọ́ ta rédíò ọkọ̀ tó jẹ́ tiransísítọ̀ pátápátá, èyí tí Philco ṣe ní 1955. Àwọn rédíò kan wà láàárín méjèèjì, tó ní fáàfù àti tiransísítọ̀ papọ̀ láìsí fáíbírétọ̀. Bí tiyín kò bá kùn, ẹ má tètè pinnu pé ó ti bàjẹ́.

Ṣé mo lè fi sípíkà tuntun sí i?

Ẹ wo óòmù rẹ̀ kí ẹ tó wo ìwọ̀n rẹ̀. Jámánì sábà ń lo óòmù 4. Delco oníṣẹ́ tiransísítọ̀ ń lo 10, bí ẹ bá sì fi sípíkà óòmù 4 sí i, tiransísítọ̀ tó ń gbé ohùn jáde á gbóná títí yóò fi jóná. Ẹ má tan rédíò àtijọ́ láìso sípíkà mọ́ ọn rárá. Bí pépà sípíkà yín bá ti ya, àwọn oníṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi pépà tuntun sí i, kí irin àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ lè ṣẹ́ kù.

Kí ló dé tí ojú rédíò Jámánì mi fi parí sí 100 tàbí 104 MHz?

Kò bàjẹ́. Ibi tí FM parí sí ní Yúróòpù nígbà náà nìyẹn: 100 ní àwọn ọdún 1950, 104 lẹ́yìn náà, kó tó di 108. Àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń dé 108. Tí ọkọ̀ bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà sí Amẹ́ríkà, tí ojú rédíò rẹ̀ sì dúró sí 100, ó ṣeé ṣe kí rédíò náà ti ọkọ̀ mìíràn wá. Bọ́tìnnì U tí ẹ ń rí ni FM, M ni ìgbì àárín, L ni ìgbì gígùn, K ni ìgbì kúkúrú.

Àwọn ohun èlò mìíràn wo ló bá ìgbà náà mu?

Wọ́n pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Chrysler gbé Highway Hi-Fi jáde ní 1956, ẹ̀rọ àwo orin inú ọkọ̀ tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Philips ní Auto Mignon, tí a ń ti àwo 45 bọ ẹnu rẹ̀ bí ìgbà tí a ń ti lẹ́tà sí àpótí. Kásẹ́ẹ̀tì 8-track wọnú ọkọ̀ Ford ti ọdún 1966. Bọ́tìnnì tó ń pín ohùn sí sípíkà iwájú àti ẹ̀yìn wà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni éríà onígáàdì tí kò ní gòkè láìsí kọ́kọ́rọ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá rédíò yìí bá ọkọ̀ yìí lọ?

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Mercedes ní káàdì tó kọ gbogbo ohun tó bá ọkọ̀ jáde. Porsche ní Kardex, káàdì àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún MG, Triumph àti Austin-Healey, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé British Motor Museum ní Gaydon ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Ní ti Corvette, láti nǹkan bí 1967 ni wọ́n ti ń lẹ ìwé mọ́ orí táǹkì epo, U69 lórí rẹ̀ sì túmọ̀ sí rédíò AM-FM.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ wo ara ẹ̀rọ. Rédíò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1953 sí 1963 gbọ́dọ̀ ní àmì onígun mẹ́ta kékeré méjì, ọ̀kan ní 640, èkejì ní 1240, nítorí ètò ìkìlọ̀ ogun Conelrad. Corvette 1958 tí ojú rédíò rẹ̀ kò ní àmì yìí ní àlàyé láti ṣe. Lára sípíkà àti bọ́tìnnì ohùn, ẹ wá nọ́ńbà bíi 137 6412: 137 ni ilé-iṣẹ́ CTS, 64 ni ọdún 1964, 12 ni ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ẹ̀yà ara tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti parí ọkọ̀ kò lè jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé ó burú bí mo bá kó inú rédíò náà dànù, tí mo fi ẹ̀rọ tuntun onífóònù síbẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló ń fa ìjà jù, mo sì lóye ẹni tó ń béèrè. Ibùdó ń tán. Deutschlandfunk, ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Jámánì, pa ìgbì àárín rẹ̀ ní òpin 2015. Norway kó àwọn ibùdó gbogboogbò rẹ̀ kúrò lórí FM ní 2017. SRG, ilé-iṣẹ́ rédíò gbogboogbò ti Switzerland, ṣe bẹ́ẹ̀ ní òpin 2024. Rédíò lè yè kóko kó má sì rí nǹkan kan gbọ́.

Síbẹ̀, bí inú rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, n kò fara mọ́ kíkó o dànù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ rédíò yẹn bó ṣe dún gan-an ní 1962 lọ́la kò ní rí ibi tó máa ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí à ń so sí àárín wáyà éríà àti rédíò. Yóò gba orin láti inú fóònù tàbí rédíò díjítà tí ẹ fi pamọ́ sínú bóòtù, yóò sì sọ ọ́ di ìgbì FM tí rédíò àtijọ́ mọ̀. Ti AM náà wà fún rédíò tí kò ní FM. Kò sí súkúrù kan tí ẹ ó tú nínú rédíò.

Bí inú rẹ̀ bá ti jóná kọjá àtúnṣe, ẹ yan ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kí ẹ gé páálí irin tàbí kí ẹ lu ihò. Ẹ kó gbogbo ohun tó jáde sínú àpótí kan, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i lára, kí ẹ sì jẹ́ kí àpótí náà bá ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á.